Aṣọ Tí Ó Bá Ìgbà Ẹni Mu

Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún, kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ogun, oyè àti òwò nìkan. Ọ̀rọ̀ náà kan àpótí aṣọ pẹ̀lú. Obìnrin tí ó ti bímọ tí ó sì ti tọ́ wọn dàgbà, ọkùnrin tí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 35, opó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ẹni tí àìsàn sọ di gbígbẹ àti ẹni tí ara rẹ̀ kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, gbogbo wọn ni ọjọ́ kan ń dé bá tí wọn yóò ṣí àpótí, tí wọn yóò gbé aṣọ kan jáde, tí wọn yóò sì rí i pé ẹni tí a rán aṣọ náà fún kọ́ ni ẹni tí ó dúró níwájú dígí mọ́. Ìbànújẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ojú a máa ti ènìyàn láti sọ ọ́ jáde, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbà pé ẹni tí ó bá ń ro ọ̀rọ̀ aṣọ kò ní ìrònú gidi.

Èmi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní ilẹ̀ Yewa wa yìí, tí a mọ̀ sí Ẹ̀gbádò títí di 1995, láti Ìlaròó, ìlú Òrónnà akíkanjú, dé Ayétòrò tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìmẹ̀kọ, dé Ìdí-Ìrókò tí í ṣe ẹnu ibodè àwa àti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn baba ńlá wa kò fi ọ̀rọ̀ aṣọ ṣeré rí. Wọ́n mọ̀ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, wọ́n sì mọ èyí tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ, pé bí ènìyàn bá ṣe rí ara rẹ̀ nínú aṣọ ni yóò ṣe gbé ẹsẹ̀ nígbà tí ó bá ń wọ àárín àwùjọ. Nítorí náà, ohun tí mo ní láti sọ kò pọ̀: nígbà tí ayé ènìyàn bá yí, kí ó má ṣe sá pamọ́ sínú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, kí ó má sì ṣe máa fi ipá há ara mọ́ aṣọ ìgbà èwe, kí ó gba ara tí ó ní lónìí, kí ó sì rán aṣọ fún un.

Láyé ìgbà kan, kò sí ẹni tí ó nílò kí a kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ìmúra ìgbà kọ̀ọ̀kan ní ìyì tirẹ̀. Ọmọge tí ó ń lọ ilé ọkọ kó aṣọ tirẹ̀ dání. Abiyamọ ní ọ̀já tí ó fi ń pọn ọmọ, bí ó bá sì so ó mọ́ àyà, gbogbo ọjà ni yóò yà fún un. Ìyá tí ó ti kúrò ní ọjọ́ orí ìbímọ ní tòbí lábẹ́ ìró rẹ̀, tí àpò owó wà lára rẹ̀, ó ní ìpèlé tí ó gbé kọ́ èjìká, ó sì ní gèlè tí kò ga ṣùgbọ́n tí ó rọra jókòó sórí ewú. Kò sí ẹni tí ó retí pé kí ìyá yìí múra bí ìyàwó tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó rò pé ó ti kọjá ẹni tí í múra. Àwọn ọkùnrin náà ń ti inú bùbá àti ṣòkòtò lọ sínú agbádá, láti inú agbádá dé inú gbárìyẹ̀ àti dàńdógó, bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ dáadáa: wọ́n ka àkísà pàápàá mọ́ ọrọ̀, nítorí pé ẹ̀rí ọdún tí ènìyàn ti lò láyé ni. Lóde òní, àwòrán inú fóònù ti gba ipò dígí lọ́wọ́ wa, ara ọmọ ọdún 25 ni ó sì kún inú rẹ̀. Ìyá ọdún 58 ń wò ó, ó ń wo ara tirẹ̀, ó sì ń rò pé ohun kan ti bàjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ó gbó, ó tọ́, ó sì ń bẹ láàyè.

Kò sí ibi tí a ti fi iyì àgbà obìnrin hàn nípa aṣọ ju ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ, ìran tí ó jẹ́ tiwa ní ìhà ibí yìí, tí àwa àti àwọn ará Kétu, tí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 yà kúrò lára wa, jọ ń jó títí di òní. Ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Àjọ UNESCO náà sì fi ọwọ́ sí i ní 2001 nígbà tí wọ́n kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ àgbàyanu tí ó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ aráyé, tí wọ́n sì tún kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ńlá wọn ní 2008. Ọkùnrin ni í gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n ìmúra obìnrin ni ó gbé wọ̀. Igi gbígbẹ́ ń bẹ lórí rẹ̀, ọmú igi lè wà láyà rẹ̀, a ó di ìdí rẹ̀ kí ó yọ gọnbu, irin yóò máa ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń tẹ̀lé ìlù, òun àti èkejì rẹ̀ yóò sì máa jó ní méjì-méjì lójú agbo. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé tẹ ojú mọ́ ni aṣọ tí a wé mọ́ ọn lára: gèlè lórí gèlè, ọ̀já lórí ọ̀já, aláró, ẹlẹ́pa, olómi osùn, ọ̀kan kò sì jọ èkejì. Ọwọ́ àwọn obìnrin ilé ni a ti ń yá àwọn aṣọ wọ̀nyí. Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ àkókò rìn ká àwọn ìlú wa kí wọ́n tó tẹ ìwé wọn lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde ní 1983, fara balẹ̀ kọ nípa ìmúra yìí. Ẹni tí ó bá sì dàgbà sí ìdílé tí ó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò nílò kí a kà á fún un láti inú ìwé.

Ẹ rò ó wò. Àwọn ìyá wa ni a fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tù lójú, pàápàá àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti rí ayé tí ayé sì ti rí wọn, àwọn tí a kì í pe orúkọ wọn ní òfo. Ọ̀já tí ọ̀kan nínú wọn fi pọn ọmọ tí ó ti di baba àwọn ọmọ báyìí, tí ó ká sí ìsàlẹ̀ àpótí nítorí pé kò sí ọmọ tí yóò fi í pọ̀n mọ́, òun ni a wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni a wé mọ́ ara eléré, òun ni gbogbo ìlú péjọ sí ojú ọjà láti wò. Kò sí ẹni tí ó lọ ra aṣọ tuntun láti fi ṣe òpin ìran. Aṣọ obìnrin tí ìgbà rẹ̀ ti yí ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí obìnrin Yewa kan wí pé òun ti dàgbà ju ẹni tí í ṣe oge lọ, ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ẹ̀kú eégún náà ń kọ́ wa ní ohun tí ó fara pẹ́ ẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí ọdún bá yípo, aṣọ tuntun ni a ń rán lé orí ti àtijọ́, a kì í já ti àtijọ́ dànù. Aṣọ àwọn tí ó ti lọ wà nísàlẹ̀, ti ọdún yìí wà lókè, bí eégún bá sì yí bìrí, gbogbo rẹ̀ ni yóò fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé aṣọ lè jẹ́ ohun tí ènìyàn fi tún ayé ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó wo Abẹ́òkúta tí ó múlé gbè wá. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí a bí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900, wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ kàwé ní Abeokuta Grammar School. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, nígbà tí ó sì fi padà dé ní 1922, ó ti pa àwọn orúkọ òyìnbó tí a sọ ọ́ tì. Ṣùgbọ́n aṣọ òyìnbó kò tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó olùkọ́ tí ó tún jẹ́ àlùfáà ni, ìmúra òyìnbó sì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe àmì ọ̀làjú. Irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó kó jọ nínú Abeokuta Ladies' Club tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1932. Nígbà tí ó di àárín ọdún 1940 sí 1949, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn obìnrin ọjà ń sunkún owó orí àti ìrẹsì tí wọ́n ń fi ipá gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì rí i pé òun kò lè máa ti inú kaba òyìnbó bá ẹni tí ó wọ àdìrẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni àwọn. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, tí ọlọ́jà àti akọ̀wé jọ wà nínú rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ sì bọ́ kaba sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó wé gèlè, kí obìnrin kankan má bàa jókòó sí ìpàdé kí ojú máa tì í nítorí ohun tí ó wọ̀.

Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Ó ní ọmọ, ó ní ilé, ó ní orúkọ, kò sì sí ẹni tí ìbá bi í léèrè bí ó bá dúró síbi tí ó wà. Aṣọ yìí kan náà ni ó wọ̀ lọ sí London ní 1947 nígbà tí òun àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀, aṣọ yìí kan náà ni ó sì wà lára rẹ̀ nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń yan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìn-ín-ní 1949. Èmi kò sọ pé ìró àti bùbá ni ó ṣẹ́gun. Iṣẹ́, ìfaradà àti ìṣọ̀kan ni ó ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé obìnrin náà mọ ìgbà tí aṣọ rẹ̀ àti ayé rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan mọ́, kò sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó ṣe nǹkan sí i. Ṣáájú rẹ̀, Mojọlá Agbébí, oníwàásù Ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Brown Vincent tẹ́lẹ̀, ti gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1894 ó pa orúkọ náà tì, ó sì mú aṣọ Yorùbá mọ́ ara, àní nígbà tí ó bá rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun tí òtútù wà.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gbìyànjú láti fi ìdánwò wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 2012, Hajo Adam àti Adam Galinsky ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé ẹni tí a wọ ẹ̀wù funfun fún tí a sì sọ fún un pé ẹ̀wù dókítà ni, yóò fara balẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹni tí a sọ fún pé ti ayàwòrán ni lọ. Àwọn mìíràn tún un ṣe lẹ́yìn náà, wọn kò sì rí ohun kan náà. Nítorí náà n kò ní fi ìdí ọ̀rọ̀ mi kọ́ ọ. Ohun tí mo rí lára àwọn ènìyàn tó mi.

Èyí tí ó sì ń dùn mí jù nínú ohun tí mo rí ni ti àwọn opó. A mọ bí opó ṣíṣe ti rí ní ilẹ̀ yìí. Àwọn Mùsùlùmí a máa ka oṣù 4 àti ọjọ́ 10. Nínú àwọn ilé mìíràn, bí ìdílé bá ti là á kalẹ̀ ni, aṣọ dúdú tàbí aṣọ aró ni a sì sábà máa ń rí lára opó títí ọjọ́ yóò fi pé. Ọjọ́ náà pé, a bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àwọn ẹbí sì tú ká lọ sílé wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un ohun tí yóò wọ̀ ní ọjọ́ kejì. Aṣọ tí ó wà nínú àpótí, èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ni òun àti ọkọ jọ dá, èyí tí ọkọ fẹ́ràn, èyí tí wọ́n wọ̀ síbi ìkómọ àkọ́bí. Bí ó bá wọ èyí tí ó tàn, àwọn ará ilé ọkọ lè máa wò ó. Bí ó bá wọ èyí tí kò tàn, òun fúnra rẹ̀ yóò máa rò pé òun ṣì ń ṣe opó. Mo ti rí àwọn tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ wà nínú aṣọ tí kò ní àwọ̀ kankan, kì í ṣe nítorí pé ọ̀fọ̀ kò tíì tán lọ́kàn wọn, bí kò ṣe pé wọn kò mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde.

Aró ni ọ̀nà kan tí mo mọ̀. Ẹ mú àdìrẹ tí ó ti ń ṣí, èyí tí ẹ fẹ́ràn ṣùgbọ́n tí ìrántí inú rẹ̀ mú lójú, kí ẹ gbé e tọ aláró lọ, ìbáà ṣe ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí ìkòkò aró rẹ̀ bá wà nítòsí yín. Yóò tún un rẹ sínú omi ẹlú àti eérú, yóò fà á yọ, yóò sá a sí atẹ́gùn, yóò tún un rẹ. Nígbà tí ó bá fi parí, funfun ara aṣọ náà yóò ti di aró fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò ti jinlẹ̀, àwòrán tí ẹlẹ́kọ yà sí i kò ní parẹ́, ṣùgbọ́n yóò rọlẹ̀. Aṣọ àtijọ́ ni, kì í sì ṣe aṣọ àtijọ́ mọ́. Obìnrin tí kò tíì fẹ́ wọ pupa fòò, tí kò sì fẹ́ wọ dúdú mọ́, ti rí ohun tí yóò wọ̀ lọ sí ọjà Ìlaròó láìsí pé ó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Lẹ́yìn aláró, aránṣọ ni ó kàn, òun sì ni mo kà sí ọ̀rẹ́ ẹni tí ayé rẹ̀ ń yí. Irú ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ nílé aránṣọ rere ní Ayétòrò nìyí, nígbà tí ìyá kan bá gbé àpò aṣọ wọlé:

"Ẹ kú àbọ̀, Ìyá wa. Ẹ jókòó, mà."

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Bùbá yìí ni mo gbé wá. Mo ti tóbi jù fún un, ṣé kí n fi ta ọmọ ọmọ mi lọ́rẹ ni?"

"Ẹ má wí bẹ́ẹ̀, mà. Bùbá ni ó kéré, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ tóbi jù. Ẹ jẹ́ kí n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò."

Ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé aránṣọ àtijọ́ ti ṣẹ́ aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú ojú rírán. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ìró tí ó bá bùbá náà rìn yóò fún un ní ìwọ̀nba tí yóò fi sí abẹ́ apá, nítorí pé ìró tí a dá láyé ọjọ́sí a máa fẹ̀ dáadáa. Ti aṣọ òfì tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹtù, sányán àti àlàárì, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun wọ́n, a ó sì wá rán tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ èkejì kí ó tó di odidi aṣọ. Ẹni tí ó bá sanra lè fi ọ̀kan kún un, ẹni tí ó bá rù lè yọ ọ̀kan kúrò, kí a sì fi èyí tí a yọ ṣe ìpèlé tàbí fìlà. Mo gbà lọ́kàn mi pé àwọn tí ó kọ́kọ́ hun irú aṣọ yìí mọ̀ dájú pé ara ènìyàn kì í dúró sójú kan.

Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ mímú aṣọ bá ara àti ìgbà mu yìí ní ọ̀nà tí gbogbo ayé fi wá mọ̀ ọ́n ni Fọláṣadé Thomas-Fahm, tí a bí ní 1933, tí ó lọ kọ́ ìmọ̀ aṣọ ní London, tí ó sì padà sí Èkó ní 1960, ọdún òmìnira, láti ṣí ilé ìtajà tí a wá mọ̀ sí Shade's Boutique. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣì ń fojú tín-ínrín aṣọ ìbílẹ̀ níbi iṣẹ́, ó mú ìró, ó fi síìpù sí i kí ó má bàa tú lára obìnrin tí ó ń sáré wọ mọ́tò. Ó mú agbádá ọkùnrin, ó sọ ọ́ di ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó yẹ obìnrin. Ó sì rán gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tí ènìyàn yóò kàn dé bí fìlà. Ní 2022, nígbà tí ilé àkójọpọ̀ ohun ọnà Victoria and Albert ní London ṣe àfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò dà bí kó yẹni. Ṣùgbọ́n ìyá tí làkúrègbé mú léjìká, tí kò lè gbé apá sókè tó ìṣẹ́jú tí gèlè ń gbà, ó mọ̀ ọ́n wé tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú pé kí ó gbé gèlè tí a ti wé sílẹ̀ lé orí kí ó sì jáde lọ síbi ìnáwó, dípò kí ó jókòó sílé.

N kò lè kọ nípa aṣọ ní ìhà ibodè kí n má mẹ́nu kan ohun tí ń gba ibodè kọjá. Àǹkárá tí àwọn ará Holland, ilé iṣẹ́ Vlisco tí ó ti wà láti 1846, ń tẹ̀ gba Lomé wá, níbi tí àwọn ìyá oníṣòwò ńlá tí a ń pè ní Nana Benz ti sọ aṣọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí wọ́n sì fi di olówó. Ó gba Kùtọnu, ó gba Àjàṣẹ́, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bọ́síkọ̀rọ̀ náà, ojú ọ̀nà yìí kan náà ni ó ń gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Nàìjíríà kò fi àyè gba kíkó aṣọ àlòkù wọ̀lú. Nígbà tí ìjọba ti ẹnu ibodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, tí Ìdí-Ìrókò kò sì rí ìyọ̀ǹda àtiṣí títí di oṣù kẹrin 2022, àwọn tí ó ń gbé ìhà ibí yìí mọ bí gbogbo nǹkan ti le tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aṣọ lọ́jà kò fi ọ̀pọ̀ ìmúra fún ni. Mo bá àwọn tí àpótí wọn kún fún aṣọ ẹbí dórí, ti ìgbéyàwó, ti òkú àgbà, ti ìwúyè, tí kò sì sí èyí tí ó jẹ́ tiwọn nínú rẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn ni ó yan àwọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó dá iye rẹ̀ lé wọn. Aṣọ ẹbí dára, ìfẹ́ ni ó bí i, n kò sì ní bá a jà. Bí a bá ti gba aṣọ náà tán, kí olúkúlùkù sọ fún aránṣọ bí òun ti fẹ́ kí ọrùn àti apá rẹ̀ rí, kí a má jẹ́ kí ọmọge àti ìyá àgbà jọ wọ rírán kan náà.

Àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó àti ní òkè òkun pẹ̀lú, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò, a sì mọ̀ pé ọrùn yín kò ṣófo. Ṣùgbọ́n ìyá tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ẹ ń ra aṣọ ránṣẹ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ báyìí.

Ti àwọn ọkùnrin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé àwọn kì í fẹ́ kí a sọ ọ́. Olùkọ́ tí ó fẹ̀yìntì, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kíláàkì tí ó ti fi táì há ọrùn láti ìgbà tí ó ti wà ní ọ̀dọ́, bí wọ́n bá dé ilé tán, oṣù mélòó kan ni wọn yóò fi wà nínú ṣòkòtò ilé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, tí wọn kò ní fẹ́ jáde. Aṣọ iṣẹ́ ti ń bá wọn sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún aráyé láti ìgbà pípẹ́, wọn kò sì tíì rí òmíràn tí yóò máa sọ ọ́. Bùbá àti ṣòkòtò àdìrẹ mélòó kan, fìlà tí ó bá orí mu, àti agbádá kan ṣoṣo tí a rán dáadáa fún òde, tó fún ẹni tí kò lọ sí ọ́fíìsì mọ́. Kí ó ṣáà tètè dá wọn, kí ó má dúró de ọjọ́ ìnáwó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kó gbogbo aṣọ inú àpótí jáde lọ́jọ́ kan tí òòrùn mú, kí ó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ó jókòó nínú rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó gbé apá sókè. Èyí tí ó bá mú kí ó máa fa aṣọ sísàlẹ̀ tàbí kí ó máa fi ìborùn bo ara, kí ó yà á sọ́tọ̀ fún aránṣọ tàbí fún aláró, tàbí kí ó fi ta ẹni tí yóò bá mu lọ́rẹ. Bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, kí ó má ṣe jẹ́ kí a ṣí ìwé ìwọ̀n ọdún márùn-ún sẹ́yìn fún òun. Kí a fi téèpù wọn àyà, ìbàdí àti apá lákọ̀tun, kí ó sì wo iye tí a kọ sílẹ̀ láì ṣẹ́jú. Kí ó lọ nígbà tí ọdún kò tíì kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti wọlé dé, aránṣọ kò ní ráyè tú aṣọ àtijọ́. Tuntun ni gbogbo ayé yóò máa gbé wá bá a.